Gígun Òkè Láìní Mọ́tò: Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Tí Ará Ìbàdàn Lè Wọ Ọkọ̀ Èrò Dé



Lẹ́yìn ìdánwò sáà tó kọjá, mo fi àwòrán kan tí mo yà lórí òkè Adó-Àwáyè ránṣẹ́ sí àwọn ará kíláàsì wa lórí WhatsApp. Mo rò pé wọn yóò sọ̀rọ̀ nípa òkè náà ni, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ta ló fi mọ́tò gbé ọ débẹ̀?" Kò sí ẹni tó fi mọ́tò gbé mi. Míkírà ló gbé mi dé gáréèjì, bọ́ọ̀sì gbé mi dé Ìsẹ́yìn, ọ̀kadà gbé mi dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló sì gbé mi dé orí rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹni tó ní mọ́tò, tàbí ẹni tó lè sanwó fún àwọn tó ń kó èèyàn lọ sí ìrìn àjò afẹ́, nìkan ni òkè gígun wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló yẹ kí ẹni tí kò ní mọ́tò mọ̀ kó tó jáde nílé: àkọ́kọ́, ìgbà tí mọ́tò tí yóò gbé e padà máa ń tán, èkejì, ohun tó mú kí àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn gun òkè náà. Orúkọ àwọn òkè náà fúnra wọn ló kọ́ mi ní èkejì. Ní ti àkọ́kọ́, ìyà ló kọ́ mi, màmá mi sì bá mi jẹ nínú ìyà náà. Màá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀.

Kí ni òkè?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka wa díẹ̀ ná, nítorí ó wúlò lójú ọ̀nà. "Òkè" kì í ṣe ilẹ̀ tó ga tàbí òkúta ńlá nìkan. Ó tún ń tọ́ka sí apá ibi tí èèyàn kọjú sí: "lọ sókè", "wá sísàlẹ̀". Ó tún wà nínú orúkọ agbègbè: Òkè-Ògùn, níbi tí Ìsẹ́yìn wà, àti Òkè-Àdó àti Òkè-Bọ́lá nínú Ìbàdàn níbí. Nítorí náà, tí ẹ bá bèèrè ọ̀nà ní ìlú kékeré, tí ẹnì kan sì sọ pé "Ẹ ṣáà máa lọ sókè", ó lè jẹ́ pé iwájú ló ń sọ, tí kì í ṣe pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkúta. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ti gun ibi tí kò ní ọ̀nà kankan kí ọmọdé kan tó pè mí padà.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni "kò jìnnà". Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lọ oko lójoojúmọ́ lè pe ìrìn wákàtí kan ní "kò jìnnà", kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ló ń sọ. Ẹ má bèèrè bó ṣe jìnnà tó. Ẹ bèèrè ìgbà: "Tí mo bá fi ẹsẹ̀ rìn nísinsìnyí, ṣé màá ti padà sísàlẹ̀ kí wọ́n tó kírun aago mẹ́rin?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó rí ìdáhùn gidi sí, torí gbogbo ìlú ló mọ ìgbà yẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé

Ẹni tí kò tíì gun òkè rí kò nílò láti kúrò ní Ìbàdàn. Ẹ wọ míkírà dé Bẹẹrẹ ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ẹ fi ẹsẹ̀ gun Òkè Màpó. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 ló wà lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ bèèrè ọ̀nà Òkè Aàrẹ. Ẹ ó gba àárín agboolé kọjá, ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó tún gùn, títí ẹ ó fi dé ìdí ilé ìṣọ́ gíga tí ìjọba amúnisìn kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, tó jẹ́ aṣojú wọn ní Ìbàdàn. Orúkọ Bower ni ìjọba fún un. Àwọn ará ìlú kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. "Láyípo" ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni, ẹni tó bá ń gùn ún á sì máa yí po títí yóò fi yọ sókè. Tí ẹ bá yọ sókè, gbogbo òrùlé páànù Ìbàdàn ni yóò wà lábẹ́ ojú yín.

Ìrìn yìí dára fún ìdánrawò. Ẹ ó mọ bí èémí yín ṣe tó àti bóyá bàtà yín lè gbà á. Ìṣòro mọ́tò ìpadà kò sì sí, torí pé mọ́tò kì í tán láàárín ìgboro.

Ẹ má gbàgbé pé òkè ló gba ìlú yìí là. Ìtàn tí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀ ni pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú tẹ̀ dó, orí òkè ni àwọn tó ṣẹ́kù sá lọ, tí wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín, tí wọ́n sì ń fi ìkarahun rẹ̀ mu ẹ̀kọ. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi ń ṣọdún Òkè'Bàdàn títí dòní. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ìtàn kan náà ni ẹ ó máa bá pàdé ní òkè kọ̀ọ̀kan.

Reluwéè dé Abẹ́òkúta

Láti 2021 ni reluwéè tuntun ti ń na Èkó sí Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ Mọ́níyà, tí wọ́n fi sọrí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́. Ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta tí ẹ ó ti sọ̀ wà ní Láderin, Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọrí rẹ̀. Láderin kò sí láàárín ìlú, nítorí náà ẹ ó tún wọ mọ́tò kí ẹ tó dé ìdí Olúmọ. Ẹ ṣe ìwádìí àkókò reluwéè tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n máa ń yí i padà. Tí èyí tó ń bọ̀ kò bá bá yín mu, bọ́ọ̀sì wà láti Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn.

Orí Òkúta Olúmọ fi nǹkan bíi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn ìgbàlódé sí i, ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀nà àtijọ́ tó ń gba àárín àpáta tóóró kọjá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Ẹ̀gbá dé ibẹ̀ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, abẹ́ òkúta yìí ni wọ́n fara pamọ́ sí. Ihò tí àwọn obìnrin ń lọ ata sí ṣì wà lára ilẹ̀ àpáta náà. Orúkọ ìlú náà kò fi nǹkan kan pamọ́: abẹ́ òkúta. Ti òkúta fúnra rẹ̀ ló le díẹ̀. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ní "Olúwa mọ̀" ni ìtumọ̀ Olúmọ. Ohùn kò jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe: ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "mọ̀" tí a fi ń sọ ìmọ̀, ohùn àárín ló sì wà lórí "mọ" inú Olúmọ. Ohùn àárín yẹn fi ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ fún wa: "mọ" bíi ti ẹni tó ń mọ odi tàbí ìkòkò, àti "mọ" bíi ti ohun tó parí síbì kan, bí a ṣe ń sọ pé "ó mọ níbẹ̀". Yálà Olúwa ló mọ òkúta náà fún wọn, tàbí ìyà wọn mọ síbẹ̀. Àwọn ará ìlú ń sọ méjèèjì, gírámà kò sì bá ìkankan jà.

Adó-Àwáyè

Òkè yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì fìyà jẹ mí. Ẹ wọ mọ́tò Ìsẹ́yìn ní Mọ́níyà. Ọ̀nà náà gba Ìjàyè kọjá, wọ́n sì ti tún un ṣe, kò dà bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ní Ìsẹ́yìn, ẹ wọ mọ́tò tàbí ọ̀kadà tó ń lọ Adó-Àwáyè. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san owó àbáwọlé, àtẹ̀gùn ni ẹ ó gùn, 369 ni wọ́n máa ń sọ pé ó jẹ́. Èmi kà á, mo ṣìrò, mi ò sì padà sísàlẹ̀ láti tún un kà. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, òkúta gbalasa ni ẹ ó máa rìn lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi dé adágún omi Ìyàkẹ, tó wà lórí òkúta níbẹ̀. Àwọn ará ìlú kì í wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń retí pé kí àlejò náà má wọ̀ ọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo wà ní ọdún kẹta, mo ń kó orúkọ ibi jọ fún iṣẹ́ kíláàsì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ lọ. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó nítòsí àtẹ̀gùn. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ fún un pé a wá wo òkè "Àwáyé". Pátákó ojú ọ̀nà kò ní àmì ohùn, bí mo ṣe rò ó lọ́kàn ni mo ṣe pè é. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Àwáyé kọ́ o, ọmọ mi. Ta ni ò wá sáyé? Àwa, a wá yè ni."

Ohùn kan ṣoṣo ni mo ṣì, mo sì ti yí ìtàn odindi ìlú padà. "A wá yé" kò fi ìlú kan yàtọ̀ sí èkejì. "A wá yè" ń sọ pé ogun lé wọn, wọ́n sá gun òkè, wọn ò kú. Bàbá ní kí n wo òkè náà dáadáa: ó ga ṣánṣán, ọ̀tá kò lè sáré gùn ún, ilẹ̀ orí rẹ̀ tẹ́jú, èèyàn lè gbé ibẹ̀, omi sì wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tí òùngbẹ máa lé sọ̀kalẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe nítorí fàájì ni wọ́n ṣe la ọ̀nà yìí. Ibi ààbò ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà rẹ̀ fi tóóró, tó sì le. Ibi tí èèyàn gbà gòkè náà ni yóò gbà sọ̀kalẹ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹ má sì wá a.

A pẹ́ lórí òkè lọ́jọ́ náà. A ya àwòrán títí iná fóònù mi fi kú. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. A dúró lẹ́bàá ọ̀nà fún bíi wákàtí kan. Ìyá kan tó ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ wò wá.

"Ẹ káalẹ́ mà," a kí i.

"Káalẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Mọ́tò lẹ̀ ń dúró dè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìbàdàn là ń lọ."

"Hàà! Mọ́tò ti tán. Ṣé ẹ ò bèèrè kí ẹ tó gòkè ni?"

A ò bèèrè. Ìyá náà kò fi wá sílẹ̀. Ó mú wa lọ sílé rẹ̀, ó fún wa ní àmàlà, ó tẹ́ ẹní fún wa nínú yàrá àwọn ọmọ rẹ̀. Orí mi ò lè di nọ́ńbà màmá mi mú lójú wàhálà, fóònù ọ̀rẹ́ mi sì ti kú ṣáájú tèmi. Iná ò sí ládùúgbò lálẹ́ yẹn. Nígbà tí mo rí ibi tí mo ti lè gba iná sí fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìpè mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Mo pe màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ń retí ìbínú, ṣùgbọ́n ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ sun. Wọn ò tíì sùn láti àná. Ìgbà tí ẹkún tán ni wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gun òkè kankan mọ́.

Ẹ kà á láti ẹ̀yìn

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń ṣètò ìrìn ti yí padà. Ẹni tó ní mọ́tò máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti òwúrọ̀: aago báyìí ni màá jáde, aago báyìí ni màá dé. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, kó máa kà á padà sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ní gbogbo ọdún. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ̀ bá yín lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi Adó-Àwáyè ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a fẹ́ wọ Ìbàdàn padà kí oòrùn tó wọ̀. Ó yẹ kí a ti wà ní gáréèjì Ìsẹ́yìn ní aago mẹ́ta, torí mọ́tò kì í gbéra àfi tó bá kún, a sì lè jókòó dúró fún wákàtí kan. Ìyẹn ni pé kí a ti kúrò ní Adó-Àwáyè ní aago méjì, kí a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní aago kan. Tí a bá fẹ́ lo wákàtí mẹ́ta lórí òkè, a gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní aago mẹ́wàá, ó sì di dandan kí a wà ní Mọ́níyà kí aago méje òwúrọ̀ tó lù. Tí a bá jí pẹ́, òkè òde ìgboro ti bọ́ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ gun Láyípo.

Lẹ́yìn ìṣirò yìí, ẹ tún bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bi dírẹ́bà tó gbé yín lọ pé aago mélòó ni mọ́tò máa ń tán. Tí ẹ bá dé ìdí òkè, ẹ tún bi ẹnì kan tó ń tajà níbẹ̀. Tí ìdáhùn méjèèjì kò bá bára mu, èyí tó yá jù ni kí ẹ gbà.

Ìrìn ọjọ́ méjì

Òkè méjì wà tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ọjọ́ kan ṣe láti Ìbàdàn. Èkínní ni ìṣàn omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Mọ́tò tó ń lọ Àkúrẹ́ ni ẹ ó wọ̀, ẹ ó sì sọ̀ ní oríta tó wọ ìlú náà lẹ́yìn Iléṣà, kí ọ̀kadà tó gbé yín wọlé. Ìpele méje ni omi náà ní. Èyí àkọ́kọ́ kò le, ibẹ̀ ni èrò máa ń pọ̀ sí. Láti ibẹ̀ lọ, òkè gidi ni, òkúta rẹ̀ sì máa ń yọ̀. Omi rẹ̀ máa ń pọ̀ lẹ́yìn òjò, ìgbà yẹn náà ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Èkejì ni Òkè Ìdànrè. Ẹ sùn sí Àkúrẹ́, kí ẹ wọ mọ́tò Ìdànrè ní òwúrọ̀, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 20. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sí i. Ohun tí ẹ ó bá lókè ni ìlú àtijọ́: ààfin ọba, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Tí ẹ bá ti mí hẹlẹhẹlẹ dé òkè, ẹ rántí pé àwọn kan ti fi ọmọ sẹ́yìn, tí wọ́n gbé omi lérí, gba ibẹ̀ yẹn kọjá láìsí àtẹ̀gùn.

Ohun tó yẹ ní mímú dání

Ẹ mú omi tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ẹ nílò. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ kó owó lọ́wọ́, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà méjì, torí kì í ṣe gbogbo ibi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nílé sórí bébà. Ẹ má dá lọ, ẹ sì kọ́kọ́ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bóyá ọ̀nà wà ní àlàáfíà lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má gun òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kí èèyàn. Ilé àwọn kan ni òkè yìí, ojúbọ àwọn mìíràn sì ni. Ẹni tó bá kí wọn yóò gbọ́ ìtàn, wọn yóò sọ ìgbà tí mọ́tò ń tán fún un, tí mọ́tò bá sì tán, yóò rí ẹní sùn lé.

Mo ti padà sí Adó-Àwáyè lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Mo gbé búrẹ́dì Ìbàdàn lọ fún ìyá yẹn. Màmá mi kò fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní láti kọ ìṣirò mi ránṣẹ́ sí wọn láti ẹ̀yìn wá sí iwájú bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí, kí wọ́n tó ní ó dáa. Báyìí, tí mo bá ti sọ fún wọn pé mo fẹ́ jáde, wọn kì í bi mí ní ibi tí mò ń lọ mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè ni: "Aago mélòó ni mọ́tò ìkẹyìn?"